Ẹ gbé bàtà yín wá kí n wò ó: bí a ṣe ń tọ́jú làkúrègbé inú ẹsẹ̀

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, n kì í kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. Mo máa ń ní kó bọ́ bàtà, mo sì máa ń dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Aránbàtà ni mí ní Mushin, lẹ́bàá Ọlọ́ṣà, ó ti lé ní ọdún 30 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí i pé ìsàlẹ̀ bàtà kì í purọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń rìn bó ṣe yẹ, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bàtà á kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ lápá òde, lẹ́yìn náà ni ojú ibi tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Bí mo bá wá rí bàtà tí etí òde rẹ̀ ti jẹ wọnú, tí ojú àtàǹpàkò sì mọ́ bí ẹni pé àná la rà á, mo ti mọ̀ pé ẹni yẹn ń sá fún àtàǹpàkò rẹ̀. Ó lè sọ pé òun kò tiro. Bàtà ti sọ̀rọ̀ tán.

Bàtà tèmi náà ló tú mi fó. Ẹni ọdún 51 ni mí nígbà náà. Mo fẹ́ pààrọ̀ sóòlù bàtà dúdú tí mo máa ń wọ̀ lọ kí Jímọ́ọ̀, mo wá rí i pé ti òsì jẹ bó ṣe yẹ, ti ọ̀tún ló jẹ gba ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo ti ń fojú fò dá wá yé mi. Ó ti tó ọdún kan tí mi ò ti lè jókòó dáadáa lórí ìrun: bí mo bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún nàró kí n sì tẹ àwọn ọmọ-ìka kọjú síwájú, àtàǹpàkò kò ní tẹ̀, á kàn gan síbẹ̀ ni. Mo rò pé àgbà ló ń dé.

Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ní tiwọn, ní nǹkan kan ni mo tẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí n lọ rí ẹnì kan ní Ìkòròdú. Lóòótọ́ ni mo tẹ nǹkan, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 16, à ń gbá mọ́ńkí póòsì lójú títì wa láìwọ bàtà, mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, mo gbá etí gọ́tà. Ó wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń fi òrí pa á, ó lọ. Kò lọ. Dókítà tó yẹ̀ mí wò lẹ́yìn ọdún 35 ló sọ fún mi pé oríkèé tó bá fara pa nígbà èwe lè gbó ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń gbó gan-an nìyí. Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, oríkèé tó so wọ́n pọ̀ sì lé ní 30. Níbi tí egungun kan ti pàdé èkejì, kèrékèré ló bò wọ́n lórí, ohun funfun tó ń dán yẹn tí ẹ máa ń rún lórí egungun itan adìẹ. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun gbo egungun. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo máa ń fi wé fóòmù inú bàtà: lọ́jọ́ tí ẹ rà á, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ta padà; lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti di pẹlẹbẹ bí páálí. Bí kèrékèré bá gbó, ara á fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, á wá hu egungun kún egungun létí oríkèé. Kókó tó wà lókè àtàǹpàkò mi nìyẹn. Ó tó wóró ẹ̀wà kan, òun gan-an sì ni bàtà máa ń gbo.

Làkúrègbé ni gbogbo wa ń pe gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ kan ṣoṣo yẹn bo àìsàn tó ju ẹyọ kan lọ, oògùn wọn kò sì papọ̀. Mẹ́ta ló máa ń wá sórí tábìlì mi.

Ti gbígbó ni àkọ́kọ́, irú tèmi, tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá. Ẹsẹ̀ á le bí ẹ bá jí, àmọ́ kò sábà ń tó ìṣẹ́jú 30 tí á fi rọ̀. Bí ẹ bá wá rìn káàkiri títí di ìrọ̀lẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ìdí àtàǹpàkò, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè àárín ẹsẹ̀ níbi tí okùn bàtà ti ń so, àti ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó bá ti kán ibẹ̀ tàbí yẹ ẹ́ rí.

Èkejì ni gáòtù. Oníbàárà mi kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ó lọ sí òde ìnáwó lọ́sàn-án Sátidé, ó padà wálé, ó sùn, kò sí ohun tó ń ṣe é. Nígbà tó di aago méjì òru, àtàǹpàkò rẹ̀ pọ́n, ó wú, ó gbóná bí ẹni pé wọ́n fi iná sí i. Ó ní aṣọ ìbora lásán ló kàn án tí òun fi pariwo. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní uric acid ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ó wá dì sínú oríkèé bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó lè lọ pátápátá, ẹni náà á ní òun ti gbádùn, á sì gbàgbé, títí yóò fi tún dé.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Rheumatoid ni wọ́n ń pè é. Ara ẹni ló ń bá ara rẹ̀ jà: ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn á kọjú ìjà sí awọ inú oríkèé. Obìnrin ló ń mú jù. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà ń bá lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìdí àwọn ọmọ-ìka, ọwọ́ sì lè bá a lọ. Líle òwúrọ̀ rẹ̀ lè ju wákàtí kan lọ, á sì máa rẹ ẹni bí ẹni tí ibà ń ṣe. Aránṣọ kan láti Ṣómólú gbé bàtà wá fún mi, ọmọ ọdún 38, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé òun ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ ìtẹ́lẹ̀ bàtà yẹn, mo ń wá òkúta. Kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Inú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òkúta wà. Aránbàtà kò lè wo ìyẹn sàn. Oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà inú ara yẹn wà, irú methotrexate, dókítà nìkan ló lè kọ ọ́ fún ni, bí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oríkèé kò ní bàjẹ́ tó bí ì bá ṣe bàjẹ́. Ẹni tó bá rí àmì yìí tó wá ń fi àgbo sún un síwájú, oríkèé rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Bí oríkèé kan bá ṣàdédé wú tó sì gbóná, tí ibà sì wà lára, ẹ má dúró dọ̀la, kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó rí egbò tàbí wíwú lẹ́sẹ̀ tí kò sì dùn ún, kí òun náà lọ kíá; àìdùn yẹn gan-an ni ewu.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ, Èkó kò ṣá wa tì. Igbóbì wà fún ọ̀rọ̀ egungun. Àwọn sójà tó fara pa nínú ogun Hitler ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀ kó tó di ilé ìwòsàn ní 1945. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì ní jẹ́nẹ́rà tiwọn ní Ọ̀dàn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí jẹ́nẹ́rà tó súnmọ́ yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ tètè jí. Kí ẹ sì mú oúnjẹ dání.

Ẹ mú bàtà tí ẹ ń wọ̀ jù lọ dání lọ, kì í ṣe èyí tó dára jù. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo. Kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú ìwé pélébé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àkókò tó máa ń dùn jù lójúmọ́, àti iye ìṣẹ́jú tó fi ń le láàárọ̀. Mi ò kọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló máa ń ro mí, mo ní gbogbo ìgbà. Ó wò mí títí, kò rí nǹkan kan dì mú nínú ìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ya X-ray, ẹ béèrè bóyá kí ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ náà, torí ẹsẹ̀ tó ru ara ló ń fi àyè tó kù nínú oríkèé hàn dáadáa. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ yín láti wo uric acid, àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé iye rẹ̀ lè wálẹ̀ lọ́jọ́ tí gáòtù ń jà gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kí ẹ padà wá tún un ṣe.

Ó wá kan iṣẹ́ tèmi.

Ẹ gé páálí Indomie kan sí méjì. Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, bàtà tó gbà yín láàárọ̀ lè máa fún yín pa ní aago márùn-ún. Ẹ dìde dúró lórí páálí náà, ẹ má jókòó, kí ẹlòmíràn mú bírò dúró ṣánṣán kó fi yí ẹsẹ̀ yín ká. Ẹ ṣe méjèèjì. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dọ́gba. Ẹ wá gbé bàtà tí ẹ ń wọ̀ lé orí àwòrán yẹn. Àìmọye ènìyàn ni mo ti ṣe é fún, ẹnu sì máa ń yà wọ́n: ẹsẹ̀ á yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí ẹ̀bà tó ju àwo lọ. Ibi tó yọ yẹn ni bàtà ti ń fún oríkèé lọ́rùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní ti gígùn, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan wà níwájú ọmọ-ìka tó gùn jù. Àwọn kan wà tí èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò gùn jù ú lọ, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa. Ẹ gé àwòrán náà yọ, ẹ mú un lọ sọ́jà, ẹ tì í bọ inú bàtà kí ẹ tó dá owó lé e. Bí páálí bá ká kò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú bàtà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ká láàárín méjì bí ìwé ìròyìn kò dára fún ẹsẹ̀ tí làkúrègbé wà nínú rẹ̀. Ibi tí ọmọ-ìka ti ń tẹ̀ nìkan ló yẹ kó tẹ̀. Fún irú ẹsẹ̀ tèmi, ibẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ tẹ̀ púpọ̀, torí bí bàtà bá tẹ̀, àtàǹpàkò á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn. Àwọn ènìyàn rò pé bàtà tó rọ̀ bí mọ́ínmọ́ín ló dára jù. Rárá o. Òkè bàtà ni kó rọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kó le, kí ìtìmùtìmù díẹ̀ sì wà láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe sí bàtà ara mi, kí ẹ lè sọ fún aránbàtà tiyín kó ṣe é. Mo ṣí sóòlù kúrò. Mo gé rọ́bà líle kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, tó gba gbogbo gígùn bàtà. Mo fi gọ́ọ̀mù pa á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní sùúrù títí tí gọ́ọ̀mù kò fi lẹ̀ mọ́ mi níka mọ́, kí n tó fi òòlù gbá a mọ́ra. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kọjá níbi tó wà díẹ̀ lẹ́yìn ìdí àwọn ọmọ-ìka. Láti orí ìlà yẹn lọ síwájú ni mo ti ń gbo rọ́bà náà lójú ẹ̀rọ, díẹ̀díẹ̀, títí imú rẹ̀ fi gbé sókè bí imú ọkọ̀ àwọn apẹja Mákòkó. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì tí ẹ fi ìka kan tẹ imú rẹ̀, á yí síwájú. Bí mo bá ń rìn, bàtà ló ń yí, àtàǹpàkò kò ní láti tẹ̀. Ọ̀tún àti òsì la máa ń ṣe é fún, kí ẹsẹ̀ kan má bàa ga ju èkejì lọ. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mò ń ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ kẹta, mo rìn láti Ọlọ́ṣà dé Ìdí-Oró láì dúró, mo sì ti gbàgbé ìgbà tí mo ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, tàbí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró ire, kó kọ́kọ́ bi dókítà kó tó ní kí wọ́n ṣe é fún òun.

Kókó orí àtàǹpàkò náà ní tirẹ̀. Bí bàtà bá jẹ́ awọ, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí kókó wà, mo máa ń fi omi rẹ awọ níbẹ̀, kí n sì ti igi rogodo kan bọ inú rẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, awọ á ti yọ àyè sílẹ̀ fún un. Bí ojú ìránpọ̀ bá gba orí kókó kọjá, ẹ má rà á, kò sí ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe.

Kí gìgísẹ̀ má ga ju ìbú ìka méjì lọ. Kí bàtà ní okùn tàbí bẹ́líìtì tó ń dì í mú. Sílípáàsì pẹlẹbẹ tí à ń wọ̀ wọ balùwẹ̀, balùwẹ̀ náà ni kó mọ, nítorí gbogbo ìṣísẹ̀ ni ọmọ-ìka fi ń há a mú kó má bọ́. Àwọn tó ń rìn láìwọ bàtà lórí táìlì nínú ilé náà ń fìyà jẹ ara wọn. Ẹ wá sílípáàsì tó nípọn tó sì ní ìdè lẹ́yìn. Bí ẹ bá ra ìtẹ́lẹ̀ olówó gọbọi, ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò kí ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàtà á fún. Bàtà òkìríkà láti Katangúà, mi ò ní kí ẹ má rà á, èmi náà ń rà á, àmọ́ ẹ gbé e sórí ohun tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ òyìnbó kan ló ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọ̀hún.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń lọ òde, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ ti bàtà gogoro. Ẹ fi í sínú báàgì. Ẹ wọ bàtà gidi dé ẹnu gbọ̀ngán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì pààrọ̀ padà kí ẹ tó jáde lọ jó. Ìró dé ilẹ̀. Ta ló fẹ́ wo ìsàlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ fún. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ládùúgbò ló ń tọ́jú mi. Ó máa ń ko wóró mẹ́rin sínú ọ̀rá kékeré: funfun méjì, ìyeyè kan, àti aláwọ̀ ewé kékeré kan báyìí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ìrora lọ. Mo ń yìn ín fún gbogbo ènìyàn, mo tiẹ̀ mú àbúrò ìyàwó mi lọ bá a. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn ní mo ti sanra, ojú mi yípo bí àwo, inú mi ń dùn pé ara mi ti mókun. Ìgbà tí mo dé jẹ́nẹ́rà, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n. Dókítà wo ojú mi, kò tíì wo ẹsẹ̀, ó ní kí n mú oògùn yẹn wá. Steroid ló wà nínú rẹ̀, irú dexamethasone, tó máa ń pa ìrora, tó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ga, tó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ó ní ohun tó burú jù tí mo lè ṣe ni kí n dá a dúró lójijì, nítorí ara ti gbára lé e, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi já a lẹ́nu mi. Irú oògùn kan náà lè wà nínú àgbo inú ike tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì pé ó ń wo làkúrègbé sàn lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ó tètè ṣiṣẹ́ jù gan-an ni kó bà yín lẹ́rù.

Parasitamọ́ọ̀lù ni mo ń lò lọ́jọ́ tó bá le, kì í sì í ju wóró mẹ́jọ ti 500 miligíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Diclofenac àti ibuprofen, kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín má fọwọ́ kàn án láì bi dókítà; ẹni tó bá máa jẹ ẹ́, kó jẹun sí i. Diclofenac olóròóró tí à ń fi pa ara dára fún ẹsẹ̀, nítorí oríkèé ibẹ̀ kò jìnnà sí awọ, díẹ̀ ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ti Robb àti Aboniki, wọ́n ń ta ẹni lára, ìrora á sì fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, mo ní tèmi nínú dúrọ́ọ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá le láàárọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báàfù, ìṣẹ́jú 15. Bó bá gbóná tó sì wú, ẹ mú píọ́ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi ìnura wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ gbígbóná mọ tútù nítorí ìtọ̀ ṣúgà, kó má dán èyíkéyìí wò nínú méjèèjì.

Ẹ má sì jókòó gẹlẹtẹ nítorí pé ẹsẹ̀ ń ro. Oríkèé tí a kò lò máa ń le sí i, iṣan tó yí i ká á sì rọ. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà tó dé, mo máa ń gbé ọwọ́ lé ògiri, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí n tẹ̀ síwájú títí ojúgun lẹ́yìn yóò fi nà, kí n ka 30, kí n ṣe èkejì. Mo máa ń ju ìnura sílẹ̀ kí n fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ká a jọ sọ́dọ̀ ara mi. Mo máa ń di tábìlì mú, kí n gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí ìrora tí eré yìí dá sílẹ̀ bá ju wákàtí méjì lọ, ẹ ti ṣe jù, ẹ dín in kù lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá sanra, bó ṣe ń fọn sí i ni ẹrù ẹsẹ̀ ń fúyẹ́. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi kún ìyẹn.

Oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ti gbígbó. Ti gáòtù ló kàn. Bíà, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ìfun, sadín, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó dùn jù, àwọn ló ń gbé uric acid ga. Omi ni kí ẹ máa mu. Wọ́n máa ń ní kí onígáòtù má jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà kò lọ́wọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀, òun náà lè gbé e ga, nítorí náà kí onígáòtù sọ fún dókítà bó bá ń lò ó, kó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi yín sórí allopurinol, oògùn tó ń mú uric acid wálẹ̀, ó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé gáòtù ń jà sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ládípọ̀ yẹn da tirẹ̀ nù nítorí ìyẹn, ó ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Ọdún kan gbáko ló tún fi jìyà kó tó padà lọ.

Nínú dánfó, ẹ jókòó sí iwájú tàbí létí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tètè pariwo "ó wà o!" kí ọkọ̀ lè dúró pátápátá. Kí kọ́ńdọ́ máa bú lọ. Lórí àtẹ̀gùn bíríjì, ẹsẹ̀ tó dára ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń gbé. Ní ti ìrun, mo béèrè lọ́wọ́ Lèmọ́mù wa, wọ́n ní kí n gbé àga wá. Mo kọ́kọ́ ń tijú, ní báyìí àwa mẹ́rin la wà lórí àga.

Iṣẹ́ abẹ ló kù. Dókítà Igbóbì sọ fún mi pé wọ́n lè gé kókó yẹn kúrò, tàbí, bó bá burú sí i, kí wọ́n so egungun méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan: kò ní tẹ̀ mọ́ láyé, kò sì ní dùn mọ́. Ó bi mí pé ìgbà wo ni kí wọ́n fi sí. Mo ní kó jẹ́ kí Iléyá kọjá ná, torí gbogbo Mushin ló ń rán bàtà lásìkò yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Iléyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti kọjá, bàtà onímú ọkọ̀ yẹn ṣì ń gbé mi, dókítà náà sì ti ní kí n rán ọ̀kan fún ìyá òun.